Bàbà pọ́ńbélé ni ìbòjú Ọbalùfọ̀n: báwo ni wọ́n ṣe rí i dà?

Ẹ́ńjíníà Lágere

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ìbéèrè sáyẹ́ǹsì ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìtàn àti òṣèlú kò ní pẹ́ yọjú sí i.

Idẹ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé nítòsí ààfin Ọọ̀ni ní Ifẹ̀. Idẹ kò le púpọ̀: bàbà tí síǹkì àti òjé bá wà nínú rẹ̀ dáadáa ń yọ́ ní nǹkan bí 900 sí 950°C, ó sì ń ṣàn geere. Àmọ́ ìbòjú tí a mọ̀ sí ti Ọbalùfọ̀n, Ọọ̀ni ayé àtijọ́, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ère ọkùnrin tó jókòó, èyí tí wọ́n bá ní Tada létí odò Ọya. Bàbà kì í yọ́ àfi tó bá dé 1,085°C, gbogbo ẹni tó bá sì ti da irin rí mọ̀ pé ó ya olóríkunkun.

Ẹni tó ní idẹ nílẹ̀, kí ló dé tó fi lọ mú èyí tó le? Ṣé ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, àbí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Àti pé iná èédú òun ẹwìrì, ṣé ó ká bàbà lóòótọ́?

Asúdẹ Ìlódè

Àbúrò, ó ká a. Iná kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Èédú igi líle, tí ẹwìrì méjì ń fẹ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má baà dá, tí ẹnu ààrò kò sì gbòòrò jù, yóò kọjá 1,200°C. Àwọn tó ń yọ́ irin nílẹ̀ yìí láyé àtijọ́ ń lo iná tó ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí ẹ́ńjíníà lẹ pe ara yín. Kí kílò kan bàbà tó di omi, yóò jẹ ooru tó tó nǹkan bíi kílójúùlù 650. Kílò 20 á jẹ 13,000. Nǹkan bí 30,000 ló wà nínú kílò kan èédú, ṣùgbọ́n nínú ààrò tí a gbẹ́ sílẹ̀, bí ìdá kan nínú ogún bá wọ inú ìkòkò, a ti gbìyànjú. Ìyókù ti bá èéfín lọ. Ìyẹn ń fún wa ní 1,500 lórí kílò èédú kọ̀ọ̀kan, kílò 9 á sì yọ́ ọ. Ẹ fi ìlọ́po rẹ̀ kún un nítorí ààrò àti ìkòkò tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbóná pẹ̀lú. Àpò èédú kan tó kún dáadáa ń ṣe é, á tún ṣẹ́ kù.

Ara amọ̀ ni iṣẹ́ wà. Amọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ fi mọ inú orí náà, kí ère lè ní ihò nínú. Ẹ má lo amọ̀ lásán. Ẹ po èédú tí a gún àti ìgbẹ́ ẹṣin tàbí ihá mọ́ ọn. Bí iná bá ti jó ìwọ̀nyí tán, ihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni atẹ́gùn yóò gbà jáde. Abẹ́ ibòji ni kí ó ti gbẹ, oòrùn gangan á là á. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ìda oyin bò ó, mìlímítà 3 sí 4, ara ìda yìí ni ẹ ó sì ti ya ojú, imú, ètè àti ilà. Ohun tí ẹ kò bá rí lára ìda, ẹ má retí rẹ̀ lára idẹ.

Ẹ wá gún ìṣó irin tẹ́ẹ́rẹ́ la ìda kọjá wọ inú amọ̀, kí ìdí ìṣó yọ síta kí amọ̀ òde lè dì í mú. Ọ̀pọ̀ ń fo ibí yìí. Bí iná bá ti yọ́ ìda jáde kí idẹ lè gba àyè rẹ̀, kò sí ohun tó gbé amọ̀ inú dúró mọ́ àfi ìṣó wọ̀nyẹn. Láìsí wọn, á fara ti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á nípọn, èkejì á lu.

Amọ̀ tí yóò kọ́kọ́ kan ìda gbọ́dọ̀ kúnná gan-an, kí ẹ fi omi ṣẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ìyẹ́ adìyẹ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Èyí tó ní ihá tó sì nípọn ni ti òde. Ẹ má gbàgbé ọ̀nà tí idẹ ń gbà wọlé, àti méjì tàbí mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ yóò gbà sá jáde, pàápàá láti ibi tó bá ga jù nígbà tí ẹ bá dorí ère kodò: àgbọ̀n, etí, imú.

Ní ti ìwọ̀n, kílò kan ìda ń gba kílò 9 idẹ. Bàbà á lé díẹ̀. Ẹ wọn ìda kí ẹ tó fi amọ̀ bò ó, ìda ọ̀nà ìwọlé mọ́ ọn. Orí tí ẹ fẹ́ kí ó wọn kílò 5, ìda ara rẹ̀ kò ju gíráàmù 560 lọ. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n, idẹ á tán mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó bá dé imú. Kò sì sí àtúndà, àfi kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí amọ̀.

Ìyá Kẹ́místírì

Ẹ kú làákàyè, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n mú ohun tó ń sọ bàbà di olóríkunkun jáde, nítorí kì í ṣe ooru nìkan.

Bàbà tó ti yọ́ ń mu ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́. Ó tún ń mu háídírójìn láti inú ọ̀rinrin, ì báà jẹ́ ti èédú tàbí ti amọ̀ tí kò gbẹ. Bó bá ti ń dì, kò lè gba méjèèjì mọ́ra mọ́. Wọ́n á pàdé, wọ́n á di ooru omi, ooru omi yìí á sì máa wá ọ̀nà jáde nínú ohun tó ti ń le. Ihò wẹ́wẹ́ ló ń bí, nínú àti lójú.

Idẹ ní ẹni tó ń gbà á sílẹ̀. Síǹkì fẹ́ ọ́síjìn ju bí bàbà ṣe fẹ́ ẹ lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé e mì. Síǹkì tún ń hó ní 907°C, èéfín rẹ̀ sì ń lé háídírójìn jáde bó ṣe ń lọ. Bàbà pọ́ńbélé kò ní irú alágbàwí bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú ooru kan ṣoṣo ni bàbà ti ń dì. Bó bá kan mọ́ọ̀dù tútù, ìyẹn amọ̀ tí a ń da bàbà sí, awọ á gùn ún lójú ẹsẹ̀, ibi tí ìṣàn méjì bá sì ti pàdé, wọn kò ní lẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí mọ́ọ̀dù fi gbọ́dọ̀ pọ́n rẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó da bàbà sí i.

Oògùn àtijọ́ rẹ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Èédú gbígbẹ ni kí ẹ fi bo ojú bàbà nínú ìkòkò, kí ẹ wá fi igi tútù rò ó. Èéfín igi náà á fa ọ́síjìn yọ. Bí ẹ bá rò ó jù, háídírójìn á pọ̀ dípò rẹ̀. Ẹ da díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ wo bó ṣe dì: bí ojú rẹ̀ bá jìn wọlé, ọ́síjìn ṣì wà nínú rẹ̀, bó bá wú sókè, ẹ ti rò ó jù, bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ tètè dà á. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ ní.

Nítorí náà, Ẹ́ńjíníà, ẹni tó dá irú ìbòjú yẹn, tó rí bí ojú èèyàn gan-an, tó la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ ojú kí ẹni tó bá dé e lè ríran, kì í ṣe pé bàbà ṣèèṣì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó mọ̀ ọ́n dé góńgó.

Ọmọ Ọwá Ìsọ̀kun

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ kú ìgbéra-ẹni-lárugẹ o, hẹ̀hẹ̀. Ìbéèrè tiwa nÍléṣà nìyí. Wúrà wà lápá ọ̀dọ̀ wa, ní Àtàkúnmọ́sà títí dé Ìpẹ̀rìndó, ọ̀nà kò sì jìn sí yín. Wúrà ń yọ́ ní 1,064°C, kì í mu ọ́síjìn, kì í dípẹtà, kò fẹ́ igi tútù. Kí ló wá dé tí kò fi sí orí wúrà kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí wọ́n hú? Ẹ fi wúrà sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ ń wá bàbà kiri òkèèrè!

Òpìtàn Ẹnuwá

Ọmọ Ọwá, ẹ ò níí pa wá lẹ́rìn-ín tán. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín lágbára. Kì í ṣe gbogbo ayé ló ka wúrà sí olórí ohun ọ̀ṣọ́. Ní ilẹ̀ yìí, ìlẹ̀kẹ̀ ni adé, ìlẹ̀kẹ̀ ni oyè, idẹ àti bàbà ni ti òrìṣà. Ẹ wo Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, tó ṣàn gba orí ilẹ̀ tó ní wúrà kọjá: afidẹrẹmọ ni wọ́n ń kì í, wọn kò kì í ní afiwúràrẹmọ. Èrò tèmi ni pé wúrà inú iyẹ̀pẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹni tó jẹ́ pé pupa bàbà ló ń wá.

Ní ti ibi tí bàbà ti wá, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò. Ohun tó dájú ni pé ọ̀nà aṣálẹ̀ ń gbé idẹ wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà náà. Ní Ma'den Ijafen, ní Mauritania, wọ́n bá ẹrù ràkúnmí tí ẹnì kan rì mọ́ iyanrìn ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá: ọ̀pá idẹ tó lé ní 2,000. Olówó rẹ̀ kò padà wá mú un. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé òkèèrè nìkan ni bàbà ti ń wá. Àwọn tó ṣe àyẹ̀wò ohun bàbà tí wọ́n hú ní Igbo-Ukwu nílẹ̀ Ìgbò, tó ti wà ṣáájú ti Ifẹ̀, fi hàn pé inú ilẹ̀ wa níbí, lápá ìlà-oòrùn Naijíríà, ni bàbà ibẹ̀ ti jáde. Ti manilla, ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ tí àwọn Pọtogí ń kó wá fi ṣe owó, èyí tí ìwádìí ọdún 2023 sọ pé apá odò Rhine ní Jámánì ni idẹ rẹ̀ ti wá, ti Benin nìyẹn, ẹ̀yìn Ifẹ̀ ló dé.

Máyfẹ̀ 24

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Mo ń rí i lórí WhatsApp lemọ́lemọ́ pé òyìnbó tàbí àwọn ará Íjíbítì ló ṣe àwọn orí yìí. Kí ni èsì tí èèyàn lè fún wọn láìsí ariwo?

Òpìtàn Ẹnuwá

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tuntun. Leo Frobenius, ará Jámánì, ló gbé e jáde. Ó dé Ifẹ̀ ní òpin ọdún 1910, ó rí orí idẹ kan nínú igbó Olókun, ẹnu yà á, ó sì pinnu pé àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì, ló ṣe é, pé baba wa kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fẹ́ kó ẹrù lọ, àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró, wọ́n sì gba orí Olókun náà padà. Àwọn orí amọ̀ mélòó kan ṣì dé Berlin.

Èsì rẹ̀, ọmọ mi: sọ fún wọn kí wọ́n wo àwọn orí amọ̀. Ojú kan náà, ilà kan náà, ọrùn kan náà ni Ifẹ̀ fi amọ̀ mọ lọ́pọ̀ yanturu, iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ló ń wú wọn jáde. Ẹnì kan kì í gba ọ̀nà òkun wá láti wá mọ amọ̀ sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ́ńjíníà Lágere

Kò tán síbẹ̀. Lọ́dún 1949, Leon Underwood, tó jẹ́ agbẹ́gilére, àti William Fagg ti British Museum kọ ọ́ pé orí Olókun tó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe ojúlówó, pé àdàkọ tí wọ́n fi iyanrìn dà ni. Ìròyìn yẹn dá ìjà sílẹ̀: ta ló pààrọ̀ rẹ̀, nígbà wo?

Ìbéèrè ẹ́ńjíníà nìyí o, kì í ṣe ti òpìtàn nìkan. Bí èèyàn bá fi orí kan ṣe mọ́ọ̀dù, tó sì da idẹ sí i, idẹ á sún kì bó ṣe ń tutù, nǹkan bí 1.5 sí 2%. Orí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 35 á kúrú ní mìlímítà 5 sí 7. Àdàkọ kì í bá ojúlówó dọ́gba láé, àfi tí ẹni tó ṣe é bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì tún un ṣe. Iyanrìn tún máa ń fi ojú hóróhóró sílẹ̀ àti ìlà níbi tí apá mọ́ọ̀dù méjì ti pàdé. Ti ìda kì í ní ìlà yẹn, nítorí ìda kì í pín sí méjì. Ìdí ìṣó tó di amọ̀ inú mú ni ẹ ó rí.

Nígbà tí Paul Craddock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní British Museum tún yẹ orí náà wò, ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2013 ni pé ìda ni wọ́n fi dà á, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ojúlówó. Ó lé ní 60 ọdún tí wọ́n fi pe orí yẹn ní ayédèrú. Tèmi ni pé, bí wọ́n bá ti tètè gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń wo inú irin, ì bá má pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Agbẹjọ́rò Òkèsà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un. Lára àwọn orí Wúnmọníjẹ̀, ọ̀kan wà ní British Museum títí dòní. Méjì bọ́ sọ́wọ́ William Bascom, ará Amẹ́ríkà, tó dá wọn padà lọ́dún 1950. Rògbòdìyàn tí kíkó àwọn orí lọ sókè òkun dá sílẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba amúnisìn fi Kenneth Murray ṣe alábòójútó ohun àtijọ́ lọ́dún 1943. Òfin ọdún 1979, Decree 77, ló dá àjọ tó ń ṣàkóso mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó sì ka títà irú nǹkan wọ̀nyí tàbí kíkó wọn jáde láìgba àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ẹni tó ni ín. Lóṣù kẹta ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde nínú ìwé ìjọba pé Ọba Benin ló ni àwọn ohun Benin tí wọ́n bá dá padà. Kò sí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ fún Ọọ̀ni. Mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣàkóso rẹ̀. Àwọn kan ní bó ṣe yẹ nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú. Èmi ò gbà pé ìdí yẹn tó.

Ọmọ Ọwá, wúrà yín náà bẹ́ẹ̀. Òfin ohun àlùmọ́nì ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹni tó ni oko, owó ìbàjẹ́ àti owó ìlò ilẹ̀ ló lè gbà. Odò tó pọ́n di ẹrẹ̀ nítorí àwọn tó ń wa wúrà, kò sí ẹni tó ń gba owó ìyẹn.

Ọmọ Ọwá Ìsọ̀kun

Ẹ ṣeun, Agbẹjọ́rò. Ẹ jẹ́ kí n kàn fi èyí síbẹ̀ fún ẹni tó bá ní ọmọ níbi iṣẹ́ wúrà: mẹ́kúrì tí wọ́n fi ń kó wúrà jọ ń hó ní 357°C, iná ìdáná lásán ti tó o. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò lóòórùn, kò ní àwọ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ sun ún nínú ilé tàbí nínú ìkòkò tí wọ́n á tún fi se oúnjẹ.

Ìyá Kẹ́místírì

Lóòótọ́ ni. Kí n tó lọ, ẹ ti gbàgbé èyí tó yà mí lẹ́nu ju idẹ lọ: gíláàsì. Ní Igbó Olókun, níbi tí Abidemi Babalola ti wú ilẹ̀, wọ́n bá ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ ọ àti ìdọ̀tí ilé iṣẹ́. Èsì àyẹ̀wò kẹ́místírì ni pé láìmù àti àlùmínà, èròjà méjì kan tó wà nínú gíláàsì yẹn, ga, ọ̀kọ̀ọ̀kan ju 10% lọ. Gíláàsì àwọn Lárúbáwá àti ti Yúróòpù kì í ní àlùmínà tó bẹ́ẹ̀. Òkúta àti yanrìn ilẹ̀ wa ló ní in. Nítorí náà wọn kò kàn yọ́ àfọ́kù ìgò òkèèrè. Wọ́n ṣe gíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Irú rẹ̀ dé Gao ní Mali, lókè odò Ọya.

Ẹ wá so ó pọ̀ mọ́ bàbà. Ìkòkò tó ń gba gíláàsì mọ́ra fún wákàtí púpọ̀ láìfọ́, tí kì í sì í yọ́ mọ́ ọn, amọ̀ rẹ̀ á gba bàbà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ ló yanjú ọ̀ràn ìkòkò.

Máyfẹ̀ 24

Ẹ ṣeun gan-an. Àwa mélòó kan fẹ́ dá a wò, ohun kékeré bí ìka ọwọ́. Níbo ni a ti lè rí idẹ, kí la gbọ́dọ̀ yẹra fún? Ìda oyin náà ti gbówó lórí, ṣé àbẹ́là lè rọ́pò rẹ̀?

Asúdẹ Ìlódè

Idẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi bàbà sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ẹnu ẹ̀rọ omi àtijọ́ àti àgádágodo ni ẹ máa rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ fi òòfà kàn án: bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n fi àwọ̀ idẹ kùn ni. Rèdíétọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ní òjé púpọ̀ lójú ibi tí wọ́n ti jó o, ẹ má lò ó nínú ilé. Bí ẹ bá ń lo wáyà, ẹ fi ọ̀bẹ bó o, ẹ má sun rọ́bà rẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yọ́ idẹ, síǹkì ń dín kù. Èéfín funfun tí ẹ ń rí, òun náà nìyẹn. Ẹ fi síǹkì 3 sí 5% kún un kí ẹ tó dà á. Ibi tó fẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é, kí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn yín, nítorí ẹni tó bá fa èéfín yẹn símú, ibà á dá a wó lóru, á dà bíi pé wọ́n fi ẹ̀fọn jẹ ẹ́.

Orí iyanrìn gbígbẹ ni kí ẹ gbé mọ́ọ̀dù sí. Bí idẹ bá dà sórí kọnkéré, omi inú kọnkéré á bú, á fọ́n iná sí yín lójú. Ẹ gbé ṣíbí ìbùdẹ náà sínú iná fúngbà díẹ̀ kí ẹ tó lò ó, nítorí omi kán-ún kan nísàlẹ̀ rẹ̀ ti tó láti ju idẹ sókè. Bàtà awọ, ṣòkòtò òwú gígùn, gíláàsì ojú: ẹni tí kò bá ní wọn kó jìnnà síbẹ̀. Ní àsìkò òjò, ẹ fi mọ́ọ̀dù sórí iná pẹ̀lẹ́ fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó jẹ́ kí ó pọ́n.

Àbẹ́là nìkan á máa là, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ pò ó mọ́ ìda oyin ní ìdajì-ìdajì. Bó bá ṣì ń là, ẹ fi ìda oyin kún un. Bó bá ń rọ̀ jù nínú oòrùn, àbẹ́là ni kí ẹ fi kún un. Ẹ pa èyí tó bá yọ́ jáde mọ́, kí ẹ jọ̀ ọ́, ẹ ó tún lò ó.